Àáró Inú Ikùn Bàbá Mi

Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oorun ni wọ́n ń sùn ní gbogbo ìgbà tó fi ń ṣẹlẹ̀. Èmi jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ojú mi là kedere, síbẹ̀ èmi kọ́ ni mo lè ròyìn rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù n'Ìbàdàn ni bàbá mi wà, wọ́n fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn, wọ́n di fóònù àbúrò mi mú bí ẹni di díńgí mú, wọ́n ní kí n sún mọ́ àwọn.

"Wò ó," bàbá mi ní. "Inú mi nìyí. O ò mọ̀ pé ó mọ́ tó báyìí."

Mo wò ó. Mo rí nǹkan pupa, mo rí ọ̀rá aláwọ̀ ìyeyè, mo sì rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó ń rìn láàárín wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹsẹ̀ lékeléke nínú àbàtà.

"Irin ọwọ́ ọ̀tún yẹn, ti ọ̀gá àwọn dókítà ni. Èyí tó ń bọ̀ yìí, ti dókítà ọmọ Ẹ̀bìrà yẹn ni. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Àáró ni wọ́n ṣe nínú ikùn mi."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn lẹ mọ gbogbo èyí?"

"Ìwọ tí ojú rẹ là, kí lo rí?"

Mi ò rí nǹkan kan. Mo gbà fún wọn.

Bí o bá jẹ́ ọmọ ìgboro, jẹ́ kí n ṣàlàyé àáró fún ọ, kí o má bàa máa bá mi mi orí lásán. Ní abúlé wa, lẹ́yìn Ìjàyè, ọkùnrin kì í dá ebè iṣu rẹ̀ kọ. Àwọn ẹgbẹ́ á kó ara wọn jọ, wọ́n á lọ sí oko ẹni kìíní, gbogbo wọn á kọ ebè rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi tán. Lẹ́yìn náà ó di oko ẹni kejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí títí yóò fi kárí. Oúnjẹ ni olóko ń pèsè. Ohun tí wọ́n fi ń san án fún ara wọn ni ẹ̀yìn àti apá. Bó bá ti kan oko ẹlòmíràn, o gbọ́dọ̀ yọjú pẹ̀lú ọkọ́ rẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá lè gbé e mọ́, wọn ò ní bú u. Wọ́n á kàn ní kó máa sinmi, títí wọn ò fi ní máa yà pè é mọ́ lójú ọ̀nà oko.

Bàbá mi ni wọ́n máa ń fi ṣíwájú. Ìlà kìíní ni tiwọn. Bí wọ́n bá ti sọ ọkọ́ sílẹ̀, àwọn yòókù á máa gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n á sì máa bá a lọ. Láti kékeré ni mo ti mọ ìró ọkọ́ wọn yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, bí o ti mọ ohùn ìyá rẹ nínú ọjà.

Àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀yìn dídùn. Àgbẹ̀ wo ni ẹ̀yìn kì í dùn? Wọ́n mu àgbo, wọ́n fi òróró pa á. Nígbà tó yá ni ibà dé, tí wọ́n ń gbọ̀n nínú oòrùn ọ̀sán, tí ìtọ̀ sì ń ta wọ́n. Àbúrò mi kó wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú wọn. Òkúta kan ti há sí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde nínú kíndìnrín kan, ó ti pẹ́ níbẹ̀, kíndìnrín ọ̀hún sì ti kú. Ọyún ló kù nínú rẹ̀. Kíndìnrín kejì dáa, òun ló ti ń ṣiṣẹ́ fún méjì. Àmọ́ èyí tó kú gbọ́dọ̀ jáde.

Ikú kọ́ ló ba bàbá mi lẹ́rù. Ọ̀rẹ́ wọn kan ló wà lọ́kàn wọn, ẹgbẹ́ wọn nínú àáró láti ìgbà èwe. Wọ́n ti yọ irú kíndìnrín bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ yìí rí. Wọ́n la ìhà wọn láti ẹ̀yìn títí sún mọ́ ìdodo. Iṣẹ́ náà dáa. Ó gba ẹ̀mí wọn là, wọ́n tún bímọ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran ìhà yẹn kò gba ọkọ́ mọ́. Ó wú síta bí ẹni fi ọsàn há abẹ́ bùbá. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ wọn ni láti jókòó lẹ́bàá àpáta tí àwọn obìnrin ń sá láfún sí, kí wọ́n máa lé ewúrẹ́. Àwọn fúnra wọn ló sọ ara wọn ní ọlọ́pàá láfún. Bí o bá kí wọn, wọ́n á bi ọ́ bóyá o ní ìwé àṣẹ láti kọjá níwájú láfún ìjọba. Gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n máa ń kọ́kọ́ wo ilẹ̀.

Ó yá, jẹ́ kí n mú ọ padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ iwe adìẹ ló kàn.

Àbúrò mi obìnrin tí mò ń wí yìí, ọmọ ìkẹyìn ìyá wa, dókítà ni. Kíndìnrín, àpò ìtọ̀ àti gbogbo ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà ni iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ pé ibẹ̀ ni òun fẹ́ dúró sí, ìyá wa ní, "Nínú gbogbo ara èèyàn, ibi ìtọ̀ lo rí?" Ó ní, "Ìyá, bí ìtọ̀ bá há mọ́ ọba nínú, ṣé ọba á sùn?"

Ọ̀nà àtijọ́ ló kọ́kọ́ kọ́: kí wọ́n là á, kí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí wọ́n rán an. Nígbà tó ti ń fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èyí tí wọn kì í la èèyàn gbàràgàdà. Ihò kéékèèké ni wọ́n ń lu sí ikùn. Wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ kó lè gbé sókè, wọ́n á ki kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò kan, wọ́n á ki irin gígùn bọ àwọn yòókù, ojú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n á sì máa wò ṣiṣẹ́. Ó ní ohun tó le níbẹ̀ ni pé ọwọ́ kì í kan ẹran. Bí o bá ti ọwọ́ sí ọ̀tún, ẹnu irin á yà sí òsì. Bí o bá gbé ọwọ́ sókè, ẹnu irin á lọ sísàlẹ̀.

"Bíi kọ̀ngọ̀," bàbá mi ní, "tó bá gbára lé ẹ̀ka, tí o fẹ́ fi já ọsàn."

"Bíi kọ̀ngọ̀ náà ni, Bàbá. Àmọ́ ọsàn tiwa ń ṣẹ̀jẹ̀."

Ó ra ike ńlá kan tó ní ìdérí, ó dá ihò sí ìdérí náà, ó ki kámẹ́rà kékeré kan bọ̀ ọ́, ó so ó mọ́ fóònù. Inú ike yẹn ló ti ń fi irin gígùn méjì kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán nǹkan tí wọ́n sì ń ta kókó. Ó máa ń gbé e wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Nílé wa, bí dókítà bá dé, adìẹ á kú. Bí adìẹ bá sì kú, bàbá ló ni iwe. Ìyá wa kì í fi iwe ṣeré. Lọ́jọ́ kan, kí wọ́n tó gbé ọbẹ̀ kaná, àbúrò mi wọ kíṣìnì, ó mú iwe náà, ó là á sí méjì, ó gbé e sínú ike.

"Iwe bàbá rẹ ni o," ìyá wa ní.

"Mo mọ̀, Ìyá. Mo máa dá a padà. Rírán ni mo fẹ́ rán an."

"Ṣé ó ya ni?"

Ó jókòó tì í títí òórùn ọbẹ̀ fi gba ilé. Nígbà tí oúnjẹ dé iwájú bàbá mi, wọ́n bu iwe jẹ, wọ́n fa òwú búlúù kan yọ láàárín eyín. Wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n wo ọmọ wọn.

"Dókítà, aláìsàn yìí ò yè é."

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Kò sí iwe kan tó dé orí àwo bàbá mi mọ́ láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ nínú ike. Ní ìbẹ̀rẹ̀, rírán náà rí wúruwùru. Ẹran á ya, kókó á tú, ata á gba àárín rẹ̀ wọlé. Bàbá mi ò ráhùn. Wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n á wò ó bí ẹni fẹ́ ra iṣu, kí wọ́n tó fa òwú yọ kí wọ́n sì jẹ ẹ́. Nígbà míì wọ́n á pè mí lórí fóònù ní Olódò tí mò ń gbé. Màá ti rò pé ẹnì kan ló kú.

"Iwe òní dáa," wọ́n á ní. "Ojú abẹ́rẹ́ dọ́gba bíi ti télọ̀. Mo fi eyín fà á, kò tú."

"Ẹ kú oríire, Bàbá."

"Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọ yẹn ti mọ̀ ọ́n."

Àmọ́ inú ike yàtọ̀ sí inú èèyàn, àbúrò mi náà sì mọ̀. Ó máa ń sọ ọ́ fún wa bí ẹni ń kédàárò. Ní ọsibítù kan, ẹ̀rọ wà, aláìsàn ò tó. Ní òmíràn, aláìsàn wà, ẹ̀rọ ò sí. Ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀rọ, nítorí ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n lò ti kọjá sí òkè òkun. Èèyàn á lọ kọ́ ọ dé Íńdíà, á padà dé, á rí aláìsàn kan. Kó tó rí òmíràn, ọwọ́ rẹ̀ á ti tutù, á tún padà sí ọ̀nà àtijọ́ tó dá a lójú.

Àbúrò mi ló dìde níbi ìpàdé àwọn dókítà tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní nílé àwọn, bí ẹnì kan bá dá ebè kọ, ilẹ̀ á le kó tó dé ìdajì; pé àáró ni wọ́n ń ṣe. Ó ní kí gbogbo wọn máa kó ara wọn lọ sí ọsibítù ẹnì kan, kí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ tó bá wà níbẹ̀, kí ọwọ́ kálukú lè gbóná, kó tó di ọsibítù ẹlòmíràn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn, àgbà ọkùnrin tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wo àbúrò mi títí, wọ́n wá ní, "Oko ta la ó kọ́kọ́ lọ?"

Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo dìde kúrò nídìí tábìlì mi ní Olódò, mo jáde síta, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe níta. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan kọjá kí n lè sọ fún un.

Bí wọ́n ṣe ń yí láti ìlú dé ìlú nìyẹn. Ọ̀gá á dúró tì wọ́n. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n, ọ̀gá á gba irin. Ọmọ Ẹ̀bìrà kan wà láàárín wọn, dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, tí kò gbọ́ Yorùbá ju ẹ káàárọ̀ àti ẹ ṣeun lọ. Àáró ni òun náà ń pè é. Kókó títa ló ń dà á láàmú. Àbúrò mi kọ́ ọ ní iwe rírán. Ó kọ́ ọ dé ibi tó fi jẹ́ pé ọmọ náà kì í lè jẹ iwe mọ́. Ó ní bí òun bá ti rí i nínú ọbẹ̀, ṣe ló máa ń ṣe òun bíi kí òun bi í pé báwo ni ara.

Báyìí lọ̀rọ̀ ṣe wà nígbà tí àyẹ̀wò bàbá mi jáde. A péjọ sí pálọ̀, àwa mẹ́rin, ìyá wa jókòó ti bàbá mi.

"Ṣé wọ́n á là mí bíi ti ọ̀rẹ́ mi?" bàbá mi bi í.

"Ojú ihò la fẹ́ kó gbà, Bàbá. Àáró wa á wá sí ọsibítù wa nítorí yín. Àmọ́ mi ò ní tàn yín. Kíndìnrín yẹn ti lẹ̀ mọ́ ara nítorí ọyún tó ti pẹ́ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá débẹ̀ tí kò gbà, wọ́n á là yín."

"Ṣé ìwọ lo máa mú irin?"

"Rárá. Wọn ò ní gbà fún mi, èmi náà ò sì ní gbà. Ọwọ́ mi á gbọ̀n."

"Àwọn tó máa mú un, iwe ta ni wọ́n rán?"

"Kálukú wọn ní ilé tirẹ̀, Bàbá."

"Tìrẹ ni mo ti jẹ. Mi ò mọ tiwọn."

"Mo ti bá yín wò ó."

Mo mọ ibi tí ọkàn bàbá mi wà. Òjò ti ń lọ sópin, ìgbà ebè ti dé tán, ilẹ̀ ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá là wọ́n, ọdún yẹn ti lọ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ gbogbo ọdún tó kù.

"Bó bá lọ bí ẹ ṣe fẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ ó mú ọkọ́ kí ilẹ̀ tó gbẹ."

"Bí kò bá lọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ó wà láàyè, Bàbá."

Bàbá mi yíjú sí ìyá wa. "Ọlọ́pàá láfún ti fẹ́ ní igbákejì."

"Bó bá dé bẹ́ẹ̀," ìyá wa ní, "èmi náà á máa sá láfún mi níbẹ̀."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, àbúrò mi ò wọ aṣọ funfun. Ìró àti híjáàbù ló wọ̀ bí ọmọ ẹlòmíràn, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì níta. Gbogbo nọ́ọ̀sì tó ń kọjá ló ń kí i, kò gbọ́. Ó fa etí híjáàbù rẹ̀ sí itan, ó ń fi ìka ta á ní kókó, ó ń tú u, ó tún ń ta á.

"O ò lè dá ọwọ́ dúró?" mo bi í.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó pẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ṣílẹ̀kùn, ó yọ orí síta. "Ọ̀gá ní kí n sọ fún yín pé ó ń gba àkókò díẹ̀. Wọn ò tíì la Bàbá."

Ilẹ̀kùn padé. Mo bi àbúrò mi pé kí ni ìtumọ̀ "wọn ò tíì".

"Ó túmọ̀ sí pé wọ́n ń rò ó."

Kò tún ta kókó mọ́. Ó di etí híjáàbù náà mú gírígírí, bí ẹni di ọwọ́ ọkọ́ mú. Ìgbà náà ni mo rí i pé ọwọ́ bàbá wa ló ní, ìka gígùn, oríkèé ńlá. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, mi ò rí i rí.

Nígbà tí ilẹ̀kùn tún ṣí, ọ̀gá ló jáde. Wọ́n yọ fìlà orí wọn, wọ́n wo àbúrò mi.

"Oko bàbá yín ti tán," wọ́n ní. "A ò là wọ́n."

Àbúrò mi kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ọsibítù. Ọ̀gá fà á dìde. "Ẹni tí o kọ́ ni kí o lọ kúnlẹ̀ fún," wọ́n ní. Ọmọ Ẹ̀bìrà náà ti yọ lẹ́yìn wọn, òógùn bò ó lójú. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún wa, kò mọ bó ti yẹ kó dọ̀bálẹ̀ tó, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé, "Àáró ti parí, mà."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ibẹ̀, ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ wọn. Kámẹ́rà ti ká gbogbo iṣẹ́ náà sílẹ̀ bíi fídíò, àbúrò mi sì ti gbà á sórí fóònù fún wọn. Wọ́n ti wò ó títí wọ́n fi mọ ibi tí ohun gbogbo wà.

"Dúró," wọ́n ní, "ibẹ̀ ń bọ̀. Wò ó. Wò ó báyìí."

Ojú fóònù pọ́n lójijì. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kan já níbi tí kíndìnrín ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ̀jẹ̀ sì bo ojú kámẹ́rà. Irin méjèèjì dúró.

"Ibí ni ẹ̀rù ti bà wọ́n. Ibí ni ọ̀gá ti ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ sún mọ́ tòsí. Èmi ò bẹ̀rù ní tèmi."

"Ẹ ń sùn, Bàbá."

"Mo ní mi ò bẹ̀rù."

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà kúrò, ojú ibẹ̀ mọ́ díẹ̀. Irin ọmọ Ẹ̀bìrà náà wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ kọdọrọ. Ó gún un, ó yọ, ó yí okùn po, ó fà á. Ó tún yí i po, ó fà á. Òwú búlúù ni. Mo wo ojú bàbá mi. Ẹnu wọn ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jẹ nǹkan.

"Ojú abẹ́rẹ́ ọmọ mi nìyẹn," wọ́n ní. "Bí òun ṣe máa ń yí i náà nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Òun ò sí níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀."

Àwọn dókítà gba ojú ihò kan tí wọ́n mú fẹ̀ díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ikùn fa kíndìnrín náà jáde. Kò pẹ́ rárá sí i tí wọ́n fi ní kí bàbá mi máa lọ sílé. Ìrọ̀lẹ́ ni mo fi mọ́tò gbé wọn dé abúlé. Wọ́n ń rọra rìn, ìyá wa dì wọ́n mú, wọ́n wọlé tààrà láti sinmi, nítorí ọ̀nà Ìjàyè ti gbọn gbogbo ara. Àwọn tó wà níta kí wa. Mo rí i pé ohùn wọn lọ sílẹ̀ jù, mi ò kà á sí.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, bàbá mi fẹ́ ṣe àlùwàlá, wọ́n dá etí sílẹ̀.

"Ta ló wà lóko mi?"

Èmi náà gbọ́ ọ. Ìró ọkọ́ ni, ọ̀pọ̀ ọkọ́, láti oko ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ẹ̀fẹ̀ láàárín wọn, kò sí ẹni tó ń pe ẹnì kan. Mo ṣílẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ bàbá mi, ọlọ́pàá láfún, jókòó sórí pèpéle, wọ́n fi ọwọ́ lérán. Nígbà tí bàbá mi yọ sí wọn, wọ́n dìde.

"Ọ̀rẹ́ mi, padà lọ dùbúlẹ̀. Má ronú ohunkóhun. Wọ́n á kọ ọ́ tán lónìí, kí ojú rẹ lè rí i."

"Kí ojú mi lè rí i kí n tó ṣe kí ni?"

Ọ̀rẹ́ wọn yíjú sí oko.

"Mo ní kí n tó ṣe kí ni?"

"Wọ́n ní ọsibítù dá ọ padà," ọ̀rẹ́ wọn ní, wọ́n ń wo ilẹ̀. "Dókítà rẹpẹtẹ ló wá láti ìlú onírúurú pé lé ọ lórí. Kí a tó pajú pẹ́, wọ́n ti gbé ọ wálé. Nígbà tí wọ́n la èmi, mo pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo mọ orúkọ ológbò ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá tètè dá padà, gbogbo wa la mọ ohun tó jẹ́."

Má dá wọn lẹ́bi. Ohun tí abúlé wa mọ̀ ni wọ́n fi ṣèdájọ́. Bí àgbààgbà bá pọ̀ lórí aláìsàn kan, tí wọ́n sì tètè gbé e wálé, ilé ni wọ́n fẹ́ kó ti kú. Àáró tó yẹ kó dé oko bàbá mi lẹ́yìn ti àwọn mìíràn, wọ́n yí i padà, wọ́n kọ́kọ́ wá síbẹ̀, kí wọ́n má bàa sin ọkùnrin tó ń ṣíwájú wọn nígbà tí igbó wà lóko rẹ̀.

Bàbá mi ò bínú bí mo ṣe rò. Wọ́n gbé bùbá wọn sókè. Báńdéèjì kéékèèké ló wà níbẹ̀, ìka ọwọ́ kan bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tán, àyàfi ti ìsàlẹ̀ tó gùn díẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wò ó. Wọ́n gbé bùbá tiwọn náà sókè, wọ́n fi ọwọ́ tọ ojú àpá tó gba ìhà wọn kọjá, wọ́n tún wo ti bàbá mi.

"Gbogbo rẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo rẹ̀ nìyí."

"Kíndìnrín náà ńkọ́?"

"Ó ti jáde. Mo ní i nínú fóònù."

Ọ̀rẹ́ wọn jókòó padà. "Ká ní ó ti wà nígbà tèmi."

Bàbá mi rọra jókòó tì wọ́n. "Ìwọ lo jẹ́ kí n mọ̀ pé èèyàn lè yè é," wọ́n ní. "Kí o tó lọ, mi ò mọ̀."

Àwọn yòókù ti ń bọ̀ láti oko, amọ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, ìtìjú lójú wọn. Wọ́n dúró sí àgbàlá, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún ẹni tí kò kú. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló fọhùn. "Bàbá, ṣé ká wó ebè náà padà, ká dúró kó kàn yín?"

Ẹ̀rín ló fọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ tẹ ikùn nítorí ẹ̀rín ń dùn wọ́n. Ìyá wa ti gbé ẹ̀wà kaná kí ẹnikẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Fóònù lọ yíká àgbàlá títí bátìrì fi kú, bàbá mi sì ń ṣàlàyé ibi tó pupa fún olúkúlùkù.

Nígbà tí àbúrò mi wá yẹ̀ wọ́n wò, tó sì gbà pé wọ́n lè fọwọ́ kan ọkọ́ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ ṣì rọ̀. Oko kan ló kù tí àáró ò tíì dé, àwọn ẹgbẹ́ sì ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ síbẹ̀. Bàbá mi ní kí wọ́n fi oko mìíràn kún un. Ilẹ̀ ọlọ́pàá láfún ni wọ́n ní lọ́kàn, ilẹ̀ tó ti di igbó láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nínú àáró. Èmi àti àwọn ọ̀dọ́ abúlé ló lọ ṣán an. Ọ̀rẹ́ wọn kọ̀ ọ́ ṣáá. Wọ́n ní àwọn ò ní apá tí àwọn máa fi san án. Bàbá mi ní ta ló béèrè apá.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lọ. Àbúrò mi náà wà níbẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń wo ìhà bàbá wa bí ẹni ń wo ọbẹ̀ tó fẹ́ ru. Ọmọ Ẹ̀bìrà náà bá a wá, nítorí ó fẹ́ mọ ohun tí àáró jẹ́ gan-an. Wọ́n fún un ní ọkọ́. Ebè tó kọ kò jọ ebè, ó jọ ibi tí òkété gbẹ́, àwọn ọkùnrin sì sọ ọ́ fún un ní Yorùbá tí kò gbọ́, ó ń dáhùn pé ẹ ṣeun. Ọlọ́pàá láfún ò jókòó. Wọ́n dúró sí orí ilẹ̀ wọn, wọ́n ní kí kálukú mú ìwé àṣẹ rẹ̀ jáde kó tó wọlé.

Bàbá mi bọ́ sí ìlà kìíní. Wọ́n sọ ọkọ́ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìró yẹn kẹ́yìn, ó sì dà bíi pé mo wà nínú ọjà tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, tí mo gbọ́ ohùn ìyá mi. Àwọn yòókù gbà á, wọ́n bá a lọ. Bàbá mi kọ ebè díẹ̀, àbúrò mi ní, "Bàbá, ó tó." Wọ́n kọ òmíràn, kí wọ́n tó nà ró, kí wọ́n sì gbé ọkọ́ fún ẹni tó tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n nu ojú. Wọn ò wo ebè. Ọmọ wọn ni wọ́n ń wò, tó ti tẹ̀ sílẹ̀ báyìí, tó ń fi ọwọ́ gígùn rẹ̀ tún ebè òkété ọmọ Ẹ̀bìrà ṣe.

"Èmi ló bí ìyẹn," bàbá mi sọ fún mi, bí ẹni pé mi ò mọ̀.

Ìwọ tí o ti jókòó tì mí láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ náà ní ọwọ́ tí o lè fi ṣe àáró: oko ta ni ìwọ máa kọ́kọ́ lọ?